Ẹ̀dà Kan Ṣoṣo Kò Tó fún Ìrántí Ẹbí

Nínú ọ̀pọ̀ ilé àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Accra, pàápàá ní Newtown, àdúgbò tí a ń pè ní Lagos Town láyé àtijọ́, tí kò sì jìnnà sí oríta Circle, ìrántí ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti òkú àgbà wà lórí sídì àti DVD tí a tò sínú àpótí, tí àwọn onílé sì gbà pé bí ọmọdé kò bá ti fi ṣeré, títí ayé ni yóò máa wà. Ìgbàgbọ́ yìí léwu, ó sì tó àkókò láti jáwọ́ nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n sídì tí a fi kọ̀ǹpútà kọ nǹkan sí a máa bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ̀sọ̀ mú un. Aró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀, tí iná lésà jó àmì sí, pẹ̀lú fàdákà tín-ín-rín tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ooru àti oòrùn a máa pa aró náà dà, ọ̀rinrin tí ìlú etí òkun kì í ṣaláìní a sì máa jẹ fàdákà náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ojú tí a ń kọ orúkọ sí gan-an ni ó gbẹgẹ́ jù lára sídì, nítorí abẹ́ ọ̀dà díẹ̀ ni fàdákà wà níbẹ̀, nígbà tí ike nípọn ní ìhà kejì. Kódà, àwọn tí ilé-iṣẹ́ ńlá tẹ̀ kò mórí bọ́: púpọ̀ nínú èyí tí Philips and DuPont Optical ṣe ní Blackburn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 1988 sí 1993, ni ó pọ́n bí idẹ láti etí wọnú, títí orin inú wọn fi dàrú. Ẹni tí ó bá gbé sídì rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, tí ó rí ihò wínníwínní tàbí àbàwọ́n létí rẹ̀, kí ó má dúró dọ̀la.

Síbẹ̀, kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú fíláàṣì kan, kí a wá sinmi, àṣìṣe kan náà ni. Fíláàṣì ayédèrú wà lọ́jà, tí a kọ 512 GB sí lára, tí inú rẹ̀ kò sì gbà ju ìwọ̀nba kékeré lọ. Yóò máa gba fáìlì láìráhùn, àwọn tí ó dé kẹ́yìn yóò sì ṣègbé. Peter Krogh, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó sọ ìlànà kan di mímọ̀ káàkiri: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí ohun èlò oríṣi méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ibòmíràn.

Ìdí tí ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ wà ní ibòmíràn, Circle ti fojú rí i. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2015, òjò ńlá rọ̀, àgbàrá bo ojú ọ̀nà, àwọn ènìyàn sá pamọ́ sí ilé epo GOIL, iná sì bẹ́ láàárín omi. Àwọn tí ikú alumúntù pa lé ní 150. Kò sí dúkìá tí a lè fi wé ẹ̀mí wọn. Ṣùgbọ́n òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa, omi tí ó bá sì wọ yàrá kan yóò bá sídì, fíláàṣì àti kọ̀ǹpútà níbẹ̀ pa pọ̀.

Àwọn kan yóò ní íntánẹ́ẹ̀tì ti parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, Gánà àti Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì lò bó ti yẹ. Ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Google Drive dára gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dà kẹta. Kò yẹ kí ó jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ náà kò kọjá agbára ẹbí. DVD onípele kan kì í gbà ju 4.7 GB lọ, nítorí náà hard disk 1 TB kan lè gba ohun tí ó wà lórí irú DVD bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní 200. Kí a ní méjì: kí ọ̀kan wà nílé, kí èkejì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Kumasi tàbí ní Ìbàdàn. Kí a sì wo fídíò inú ẹ̀dà tuntun náà níbẹ̀rẹ̀, láàárín àti níparí kí a tó gbé ògbólógbòó sọnù. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tuntun kò ní ojú ihò sídì mọ́, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tí kò ní ẹ̀rọ náà nílé wá ẹni tí ó ṣì ní in báyìí, nígbà tí sídì ṣì ṣeé kà.