Wẹ́bùsáìtì kọ́ ni ṣọ́ọ̀bù: ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba owó gàrí yín lọ

 

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti oníṣòwò wa ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá, a ò sì ní bò ó mọ́ra. Àwọn kan ń wọ inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, wọ́n ń sọ pé ẹni tí kò bá ní wẹ́bùsáìtì kò tíì ní ṣọ́ọ̀bù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á gbowó, wọ́n á lẹ àwòrán iṣu tí kì í ṣe tiyín mọ́ ọn, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ìyá kan tó ń yan gàrí lágbègbè Ifọ́n san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà. Ọdún kan gbáko, oníbàárà kan ṣoṣo kò gba ibẹ̀ wá. Wọ́n tún ní kó wá san owó ọdún kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn á ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Ṣọ́ọ̀bù wo?

Ṣọ́ọ̀bù ni ọjà tó wà nílẹ̀, òṣùwọ̀n tí kì í rẹ́ni jẹ, iye owó tó hàn, àti ẹni tó ń dáhùn nígbà tí oníbàárà bá pè. Ẹni tó bá ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, WhatsApp lásán tó o. WhatsApp Business ti wà láti ọdún 2018, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní ibi tí ẹ lè to ọjà sí pẹ̀lú àwòrán àti iye owó. Dátà nìkan lẹ máa rà. Ọjọ́ tí oníbàárà bá pọ̀ ju ohun tí fóònù kan lè gbà, ẹ wá lọ ṣe wẹ́bùsáìtì.

Àwọn mìíràn ní ti ará Èkó ni gbogbo èyí, pé Ọjà Ọba Ọ̀wọ̀ ti tó wa. A bọ̀wọ̀ fún Ọjà Ọba. Ṣùgbọ́n ta ló ń dá iye lé iṣu yín lóko? Ṣebí alágbàtà tó gbé mọ́tò dé ni. Ó mọ̀ pé ẹ ò mọ ẹlòmíràn tó máa rà á. Gbogbo wa sì mọ bí ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ifọ́n ṣe di ohun ẹ̀rù. Elégbèká lójú ọ̀nà yẹn ni wọ́n ti pa Olúfọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Oníbàárà tí ẹ̀rù ń bà kò ní wá, àmọ́ ó lè pè. Ẹ tún rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí owó náírà dàwáàrí: ọjà ń bàjẹ́ nílẹ̀, ẹni tó lè gba tiransífà ló rí tirẹ̀ tà.

A ò ní kẹ́ ẹ lé alágbàtà o. Ẹni tó ní oníbàárà mìíràn lọ́wọ́ ló lè bá alágbàtà dúnàá-dúrà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí:

1. Ẹ ra síìmù ọ̀tọ̀ fún ọjà. Tí ẹ ò bá lè tẹ fóònù, ẹ fa ọmọ kan nínú ilé kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dá iye lé e.

2. Kílò ni kẹ́ ẹ fi tà. Kóńgò tiwa àti kóńgò Èkó lè má dọ́gba, oníbàárà á rò pé ẹ rẹ́ òun jẹ. Ẹgbẹ́ lè dáwó ra ìwọ̀n kan.

3. Àwòrán ọjà tiyín gan-an, ní ojúmọmọ.

4. Ohun tí kì í tètè bàjẹ́ lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀: gàrí, èlùbọ́, epo pupa, iṣu tó gbó. Ata àti tòmátì ṣì lè dúró ná.

5. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó dá iye. Tí ẹrù bá wọ mọ́tò ní gáréèjì, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ gba nọ́ḿbà mọ́tò àti fóònù awakọ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

6. Álátì kì í ṣe owó. Ẹ wo inú àkáǹtì kí àpò kankan tó kúrò nílẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

7. Tí ẹ bá fẹ́ máa di oúnjẹ sínú ọ̀rá tí ẹ tẹ orúkọ sí, ẹ kọ́kọ́ lọ gba nọ́ḿbà NAFDAC.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ korò, àmọ́ ẹ gbọ́: ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi iṣu ńlá bo kékeré mọ́lẹ̀, ẹ jáwọ́. Ẹni tẹ́ ẹ rẹ́ jẹ lọ́jà lè má padà wá mọ́. Ẹni tẹ́ ẹ rẹ́ jẹ lórí fóònù á ya àwòrán rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí gbogbo ará àdúgbò rẹ̀.

Àwa tí à ń bá yín dé oko náà jẹ̀bi. Ọdún gbọọrọ la fi ń sọ̀rọ̀ ajílẹ̀ àti òògùn kòkòrò, a ò sọ bí ẹ ṣe máa tà. Àyè yẹn làwọn agbowó yìí rí wọlé.

Tí wọ́n bá tún dé, ẹ bi wọ́n léèrè: ta ló máa wá rà? Ta ló máa dáhùn ìpè? Àgbẹ̀ mélòó lẹ ti bá tajà rí? Tí wọn ò bá rí èsì, ẹ po gàrí fún wọn, kí wọ́n mu ún, kí wọ́n máa lọ sílé wọn.