Ẹ̀jẹ̀ Ríru Kì Í Kágò Kó Tó Wọlé

Lẹ́tà kan ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa lọ́sẹ̀ yìí. Ìlú Kánò ni lẹ́tà náà ti wá, obìnrin oníṣòwò kan ló sì kọ ọ́. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé ni. Ó ní ẹni ọdún 49 ni ọkọ òun, awakọ̀ tírélà ni, Èkó sí Kánò ni ọ̀nà rẹ̀. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dé ilé ìwòsàn, ni nọ́ọ̀sì bá ní kí ó jókòó kí òun wọn ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà wò. 172 lórí 108 ni wọ́n bá. Wọ́n ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà lọ, 168 lórí 106 ni wọ́n tún bá. Dókítà kọ oògùn fún un. Ó lò ó fún oṣù kan, wọ́n sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ dáadáa, ó sì kó oògùn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀rọ̀ tí ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nìyí: "Ara mi le koko. Orí kì í fọ́ mi, mò ń jẹun, mò ń wakọ̀ mi. Àìsàn wo ló wà lára ẹni tí nǹkan kan kò ṣe?" Àgbo inú ìgò ló ń mu báyìí. Obìnrin náà wá bi mí ní ìbéèrè méjì. Ó ní, ṣé òótọ́ ni pé ẹni tí ara rẹ̀ yá lè máa ṣàìsàn? Ó sì ní, kí ni òun lè sọ fún ọkọ òun tí yóò fi gbọ́, tí kò ní í dà bí ẹni pé òun ń ṣépè fún un?

Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ tí ọkọ yín ń ṣe. Awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbéra ìrìn àjò láì yẹ táyà wò. Ó mọ̀ pé bí atẹ́gùn bá pọ̀ jù nínú táyà, táyà náà kò ní í pariwo, kò ní í jò, kódà yóò máa dán lójú ni. Ọjọ́ tí yóò bẹ́, orí eré ni yóò ti bẹ́. Ìdí nìyí tí fọkanáísà fi ní irin tí ó fi ń wọn atẹ́gùn. Ojú lásán kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ọkàn wa ló ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri gbogbo ara nínú àwọn iṣan. Nígbà tí ọkàn bá fún ara rẹ̀ pọ̀ láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan yóò ga. Òun ni nọ́ńbà òkè. Nígbà tí ọkàn bá dẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn, agbára náà yóò rọlẹ̀. Òun ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Bí nọ́ńbà òkè bá tó 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tó ju ẹyọ kan lọ, a ó sọ pé ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún ń ru. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà tilẹ̀ fa ààlà yìí wá sí 130 lórí 80 ní ọdún 2017, ṣùgbọ́n 140 lórí 90 ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ṣì ń tẹ̀ lé.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní ọjọ́ tó ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó sáré gun àtẹ̀gùn, ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu sìgá tàbí kọfí, àti ẹni tí àyà rẹ̀ ń já nítorí pé ó rí aṣọ funfun dókítà, nọ́ńbà gbogbo wọn lè ga láìjẹ́ pé àìsàn ni. Bí ó ṣe yẹ kí a wọ̀n ọ́n ni pé kí ènìyàn ti tọ̀, kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí apá rẹ̀ wà lórí tábìlì ní ọgbọọgba pẹ̀lú àyà, kí ó má sì sọ̀rọ̀. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì wà láàárín. Aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá gbọ́dọ̀ bá apá náà mu; èyí tó bá kéré jù fún apá ńlá yóò pe nọ́ńbà ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá ti tó 180 lórí 110, kò sí pé à ń dúró de oṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí dókítà rí onítọ̀hún.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládipọ̀ Akínkugbé, ọmọ Oǹdó tó di olóògbé ní ọdún 2020, ló ṣíwájú ìgbìmọ̀ tó ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1997. Nǹkan bíi 11 nínú 100 àgbàlagbà ni wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ ríru lára wọn, bẹ́ẹ̀ 160 lórí 95 ni ààlà tí wọ́n lò nígbà náà. Bí a bá fi ààlà 140 lórí 90 wọ̀n ọ́n, iye náà kò ní í dúró síbẹ̀.

Ní ọdún 1997 yẹn kan náà ni àbọ̀ ìwádìí mìíràn jáde, èyí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ènìyàn dúdú tó lé ní 10,000 ní Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, àwọn erékùṣù Karibéánì àti Amẹ́ríkà. Ní ìhà tiwa níbí, 16 nínú 100 ni wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ ríru lára wọn. Ní Karibéánì ó di 26. Ní Amẹ́ríkà ó di 33. Ìran kan náà ni o, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti èbúté wa ni baba ńlá àwọn ti ọ̀hún. Ìwádìí náà fi hàn pé bí ara ṣe ń sanra sí i àti bí iyọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i nínú oúnjẹ wà lára ohun tó fà á. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "ó wà nínú ìdílé wa, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i" kò sọ tán.

Kí ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe nígbà tí kò dun ènìyàn? Iṣẹ́ ló ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Ó ń mú kí iṣan ọpọlọ gan tàbí kí ó rọ, títí yóò fi dí tàbí tí yóò fi bẹ́. Èyí ni àrùn rọpárọsẹ̀. Ó ń mú kí ẹran ara ọkàn nípọn, títí agbára rẹ̀ yóò fi tán, tí ẹsẹ̀ yóò máa wú, tí onítọ̀hún kò ní í lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn láìmí gulegule. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń pa ẹ̀yìn ẹyinjú lára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n ṣubú ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ń ru. Ìdáhùn ìbéèrè yín àkọ́kọ́ nìyẹn: bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí ara rẹ̀ yá lè máa ṣàìsàn.

Bí ó bá padà sí ilé ìwòsàn, kí ó má jẹ́ pé wọn kàn kọ oògùn fún un kí ó máa lọ. Ó yẹ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bóyá ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ yẹ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù wò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni a kò lè tọ́ka sí ohun kan ṣoṣo tó fà á, ṣùgbọ́n àrùn kíndìnrín, híhanrun tí ènìyàn ń hanrun tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, àti àwọn oògùn kan lè wà nídìí rẹ̀. Kí àwọn awakọ̀ tí ẹ̀yìn ń ro gbọ́ èyí dáadáa: oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac, tí a ń rà ní kẹ́místì bí ẹni ra gúgúrú, máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n sì lè ṣe kíndìnrín ní jàǹbá.

Ní ti oúnjẹ, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò kún ṣíbí tíì kékeré kan. Kì í ṣe iyọ̀ orí tábìlì nìkan ni à ń kà o. Iyọ̀ wà nínú máàgì, ó wà nínú búrẹ́dì, ó wà nínú ẹja oníyọ̀, irú èròjà kan náà sì wà nínú káún tí a fi ń se ẹ̀wà àti ewédú. Kí ẹni tó sanra dín ara rẹ̀ kù. Kí ènìyàn máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ 5 láàárín ọ̀sẹ̀. Kí a dín ọtí kù, kí a sì pa sìgá tì pátápátá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ ti tó 168 lórí 106, oúnjẹ nìkan kò lè dá a gbé. Ó nílò oògùn. Ní ọdún 2019, àwọn oníṣègùn gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 6 nílẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà lára wọn. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá pa oògùn méjì pọ̀, tí amlodipine sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wa máa ń wálẹ̀ dáadáa ju ìgbà tí kò bá sí níbẹ̀ lọ. Dókítà ni yóò mọ èyí tó bá ara oníkálukú mu. Oògùn tí wọ́n kọ fún ọ̀rẹ́ yín kì í ṣe tiyín. Aboyún gan-an kò gbọdọ̀ lo lisinopril tàbí losartan, nítorí pé wọ́n lè ṣe ọmọ inú rẹ̀ ní jàǹbá.

Oògùn lè ní ìnira tirẹ̀. Amlodipine lè mú ọrùn ẹsẹ̀ wú. Lisinopril lè fa ikọ́ gbígbẹ, bí ètè tàbí ahọ́n bá sì wú, kí a sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀ lè da awakọ̀ láàmú lójú ọ̀nà. Ohun tó sì ń ba ọ̀pọ̀ ọkùnrin lẹ́rù, tí wọn kì í lè sọ fún ìyàwó wọn, ni pé kí oògùn má sọ àwọn di aláìlágbára lórí ibùsùn. Òótọ́ ni pé àwọn oògùn kan lè fa èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀ ń ba àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ jẹ́. Kí ó sọ fún dókítà láìtijú, wọn yóò pààrọ̀ oògùn tàbí kí wọ́n yí àkókò lílò rẹ̀ padà. Èyí sàn ju kí ó dá a dúró ní kọ̀rọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, oògùn ló fà á wálẹ̀. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ohun tó ń gbé e ru ṣì wà lára. Bí a bá mú ọwọ́ oògùn kúrò, yóò tún gòkè. N kò bú àgbo, inú rẹ̀ ni wọ́n bí èmi náà sí. Ṣùgbọ́n àgbo inú ìgò tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, tí wọ́n tún fi ọtí rẹ nígbà mìíràn, kò lè rọ́pò oògùn tí a mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ń mu ún, kí ó sọ fún dókítà.

Ohun kan ṣì kù tí gbogbo ilé gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kọ iṣẹ́, tí ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, àrùn rọpárọsẹ̀ ni kí ẹ kà á sí. Ẹ má da omi lé e lórí, ẹ má fi oúnjẹ, àgbo tàbí oògùn sí i lẹ́nu, nítorí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ wo aago kí ẹ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ ló lè sọ bóyá iṣan dí ni tàbí ó bẹ́. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, láàárín wákàtí 4 àbọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n lè lò ó.

Ìyá wa, ìbéèrè yín kejì ló kù. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ ikú. Bí ó bá ti ìrìn àjò dé, tó jẹun tán, tí ara rẹ̀ balẹ̀, ẹ bi í pé: "Bàbá wọn, bí ẹnìkan bá ní kí ẹ gbé tírélà láti Èkó dé Kánò láì yẹ táyà wò, nítorí pé táyà ń dán, ṣé ẹ ó gbé e?" Ẹ jẹ́ kí ó dáhùn fúnra rẹ̀. Kí ẹ wá sọ fún un pé ẹ ó jọ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ni, kí ó wọn tirẹ̀, kí ẹ̀yin náà wọn tiyín. Ẹni tí a bá jọ rìn kì í rò pé à ń lé òun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí wa kí a gbọ́ bí ó ṣe lọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run fún wa ní ìlera.