Ta Ló Ń Kọ Góòlù Àwọn Ọmọ Jisonayili Sílẹ̀?

Ní sáà 1995 sí 1996, góòlù 63 ni Jarome Iginla gbá wọlé nínú líìgì àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá họ́kì orí yìnyín ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà. Eré 63 náà ló kópa nínú rẹ̀. Ìgbà 73 ló tún ṣe ọ̀nà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó rí góòlù gbá. Ọmọ ọdún 18 ni, Kamloops Blazers sì ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Yorùbá ni bàbá rẹ̀; Adékúnlé ló ń jẹ́ kó tó dé Kánádà tó sọ ara rẹ̀ di Elvis. Èmi ò fẹsẹ̀ tẹ orí yìnyín rí o. Yìnyín tí mo mọ̀ ní Tamale ni èyí tí wọ́n fi ń mú omi inú ọ̀rá tutù. Síbẹ̀, láti Jisonayili níbí, àdúgbò kan ní Tamale, mo lè ka góòlù ọmọ yẹn fún yín lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, torí ẹnì kan jókòó tì í, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ wá bi mí ní iye tí Abedi Pele gbá wọlé nígbà tó ń ṣe ọ̀dọ́ ní Tamale. Ìlú yìí ló ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, Real Tamale United ló sì ń gbá fún kí Ghana tó mú un lọ sí Libya ní 1982, níbi tí wọ́n ti gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Lẹ́yìn náà ló di agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tó dára jù lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, láti 1991 dé 1993. Ẹ lọ bá àwọn àgbà tó ń mu tíì lẹ́bàá Kaladan Park, wọ́n á sọ ìtàn rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, olúkúlùkù pẹ̀lú iye góòlù tirẹ̀.

Èròjà ọ̀kadà ni mo ń tà. Àbígbẹ̀yìn mi ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ colts, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́, kan ládùúgbò wa, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ti ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìrun àsárì lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní eré. Nígbà ọyẹ́, eruku páàkì kì í jẹ́ kéèyàn rí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Nígbà òjò, adágún omi tó wà níwájú ilé góòlù ló máa ń gbá ìdajì góòlù. Bí rẹfirí bá ti fọn fèrè ìkẹyìn, ó parí nìyẹn. Kóòṣì á fi èsì ránṣẹ́ sórí WhatsApp, tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló borí. Tó bá pàdánù, dátà rẹ̀ ti tán.

Nígbà tó yá ni mo ra ìwé alálà kan tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́: ọjọ́, ẹgbẹ́ méjèèjì, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré, ẹni tó gbá góòlù. Kò pẹ́ tí kóòṣì fi ń wá sí ṣọ́ọ̀bù. "Hajia, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ṣé ọmọ alágbẹ̀dẹ ló gbá ìkejì àbí àbúrò rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ owó ló jẹ́ kí n máa pariwo. Òfin FIFA sọ pé bí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè mìíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láàárín ọmọ ọdún 12 sí 23. Sáà kan tó lò lọ́dọ̀ yín nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13 jẹ́ 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí wọ́n bá tà á ní mílíọ̀nù mẹ́wàá yúrò, ẹgbẹ̀rún márùn-dín-lọ́gbọ̀n yúrò nìyẹn. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí sídì kí ẹ wá sọ fún mi iye bàtà àti àwọ̀n tó máa rà. Láti òpin 2022 ni FIFA ti dá ilé ìsanwó kan sílẹ̀ ní Paris fún iṣẹ́ yìí, àkọsílẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pín owó náà. Abdul Fatawu Issahaku, ọmọ Tamale tó ti Steadfast bẹ̀rẹ̀, ti dé Sporting ní Lisbon, ó sì ti dé Leicester. Irú rẹ̀ á tún jáde. Ẹgbẹ́ tí kò forúkọ ọmọ sílẹ̀ á máa wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n bí àwa tó kù.

Ẹ wo bí àwọn ará Kánádà ṣe ń lo àkọsílẹ̀ tiwọn. Ní Kejìlá 1995, nígbà tí Iginla ṣì ń gbá fún Kamloops, ẹgbẹ́ àgbà Calgary fi Joe Nieuwendyk, gbajúmọ̀ láàárín àwọn àgbà, ṣe pàṣípààrọ̀ láti gbà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Dallas tó ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Kò tíì gbá eré kan ṣoṣo rí láàárín àwọn àgbà. Góòlù 625 ló gbá kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ọmọ rẹ̀, Tij, náà gbá 47 wọlé fún Kelowna ní sáà 2023 sí 2024, Utah mú un ní ipò kẹfà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ àgbà ń yan àwọn ọ̀dọ́.

Àwọn kóòṣì kan ò fẹ́ràn ìwé mi rárá, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ tí mo kọ sílẹ̀ pé ó jẹ́ 15 lọ́dún yìí, 16 ló gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀míì, kò lè padà sí 14. Láti ìgbà tí Nàìjíríà gbàlejò ìdíje àgbáyé ọmọ ọdún 17 ní 2009 ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù láti mọ̀ bóyá wọ́n ti ju ọdún 17 lọ. Ọmọ tí ẹ bá dín ọdún rẹ̀ kù ní Jisonayili, ẹ̀rọ yẹn ló máa dá a padà lójú gbogbo ayé, ẹ̀yin ò sì ní sí níbẹ̀ láti bá a sunkún.

Àwọn mìíràn ní àṣejù Yorùbá ni. Bóyá. Bàbá mi wà lára àwọn tó kó ẹrù sórí lọ́rí padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì, ní Kọkànlá 1969. Gbogbo ọjà Tamale ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n béèrè.

Ìwé alálà tèmi nìkan ò tó, mo gbà. Kí kóòṣì méjèèjì àti rẹfirí máa fọwọ́ sí i lẹ́yìn eré. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìwé ìbí àwọn ọmọ lọ fi orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dání. Owó ẹ̀dà ìwé ò tó owó tí à ń fi ra omi mu láàárín eré. Fún àwọn ẹgbẹ́ páàkì tiwa, màá ṣe ẹ̀dà ti ọdún yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n ṣáà mú ìwé ìbí tòótọ́ wá.