Sípírúlínà: Ìrànlọ́wọ́ Ni, Kì í Ṣe Oúnjẹ Tán

Lónìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí sípírúlínà, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń bù sínú ẹ̀kọ ọmọ tó rù.

Kí ni í ṣe? Ohun alààyè tíńtìntín ni, inú omi ló ń gbé. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló fi ń ṣe oúnjẹ ara rẹ̀, bí ewé igi. Kì í ṣe ohun àná. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn obìnrin Kanembu létí adágún Chad ti ń bù ú, tí wọ́n ń sá a sórí iyanrìn, tí wọ́n sì ń fi í se ọbẹ̀. Dihé ni wọ́n ń pè é. Ní Bẹ̀nẹ̀ wa níhìn-ín, wọ́n ti dá oko rẹ̀ sílẹ̀ ní Pahou, nítòsí Ouidah.

Oko yìí kò béèrè ilẹ̀ ọlọ́ràá. Kòtò omi tí kò jìn ni, tí wọ́n fi bicarbonate sí. Wọ́n ń rú omi náà kí oòrùn lè kan gbogbo rẹ̀. Bó bá ki, wọn a fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọn a fún un, wọn a sá a, wọn a lọ̀ ọ́. Omi tó jò á padà sínú kòtò.

Nínú 100 gíráàmù rẹ̀, bí 60 ni purotéènì tí ń mú ara dàgbà. Ti ẹ̀wà sóyà kò ju bí 36 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ gíráàmù 5 lóòjọ́, purotéènì 3 péré ló rí. Gíráàmù 20 sóyà láti ọjà Glazoué yóò fún un ní 7. Ohun tí sípírúlínà fi dára jù ni irin tí ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àti èròjà tí ń ṣe ojú lóore. Nítorí náà, ẹ fi kún oúnjẹ ọmọ. Ẹ má fi rọ́pò ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ẹyin.

Ẹ kíyè sí èyí gan-an: ẹ má ṣe bu ohun aláwọ̀ ewé ojú adágún fún ọmọ! Àwọn kan tó jọ ọ́ ní májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kò sì lè pa májèlé náà. Èyí tó ti oko tí wọ́n ń yẹ̀ wò wá nìkan ni kí ẹ rà.

Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá wú, tí irun rẹ̀ pọ́n, tí kò fẹ́ jẹun mọ́, ẹ má dúró de ìyẹ̀fun kankan. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ kì í dúró de ọ̀la kó tó jẹ tòní.