Dídán Kọ́ Ni Ohùn Ìlù

Èrò àwọn kan ni pé bí a bá ti fi fáníìṣì kun ìyáàlù dùndún tí ó sì ń dán, ìtọ́jú rẹ̀ ti parí. Èrò yìí kò tọ̀nà. Igi ọ̀mọ̀ lè gba fáníìṣì. Awọ àti ọṣán kò gbà á, nítorí ó ń mú wọn gan. Ọṣán yìí ni onílù ń fún tí ohùn fi ń gòkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wálẹ̀. Bí onílù bá ń ki ènìyàn ní Ọjà Ọba, Òṣogbo, dídán igi kọ́ ni ẹni náà ń gbọ́. Aṣọ gbígbẹ ni kí a fi nu igi, kí a sì gbé ìlù kúrò nínú òjò àti oòrùn líle. Olùkọ́ tí ó bá fi ìlù tí ọṣán rẹ̀ ti gan kọ́ni ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, àṣìgbọ́ ni yóò fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.