Ẹsẹ̀ a máa rẹ̀, ìmọ̀ kì í rẹ̀

Ní agbègbè Tchaourou, ọ̀pọ̀ ọmọ ló fẹ́ di agbábọ́ọ̀lù lókè òkun. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn òbí mọ ìtàn Tesilimi Balogun, ọmọ Èkó. «Ààrá» ni ìnagijẹ rẹ̀, nítorí pé ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù kíkankíkan. Ní 1956, ó wọ ẹgbẹ́ Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó gbá ìdíje líìgì 13, ó sì jẹ góólù 3. Àsìkò náà kò pẹ́. Ṣùgbọ́n Balogun kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni bọ́ọ̀lù, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó sì fi ìmọ̀ náà sin ilẹ̀ rẹ̀. Ó kú ní 1972; pápá ìṣeré kan ní Èkó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Kí ọmọ máa gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kó má fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀.