Ìtẹ́wọ́gbà Kì í Ṣe Ẹ̀rí Òtítọ́



Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe yìí fi nǹkan kan sílẹ̀ láìsọ: ó ti gbà pé ẹni tí a bi léèrè mọ ọ̀nà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n ńkọ́? Bí aláìmọ̀ bá júwe ọ̀nà, tí àlejò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí a sì kọ àpèjúwe náà sí oríta kí gbogbo ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè máa tẹ̀ lé e ńkọ́? Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ lórí àwọn ojú òpó ìbéèrè àti ìdáhùn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi Stack Overflow ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí Jeff Atwood àti Joel Spolsky dá sílẹ̀ ní ọdún 2008 fún àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Bí ènìyàn bá béèrè ìbéèrè níbẹ̀, àwọn yòókù á dáhùn, wọ́n á sì máa dìbò fún ìdáhùn tàbí lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè nìkan ló lè fi àmì aláwọ̀ ewé sí ìdáhùn kan pé òun ti tẹ́wọ́ gbà á. Àmì náà jọ èyí tí olùkọ́ máa ń fi sí iṣẹ́ tó tọ́ nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́. Máàkì 15 ni olùdáhùn ń rí gbà lórí rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdáhùn tó ní àmì yìí ló máa ń wà lókè pátápátá, kódà bí ìbò tí òmíràn ní bá pọ̀ ju tirẹ̀ lọ fíìfíì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹ wo bí èdè wa ṣe sọ ọ́: ẹni tí kò ní ló ń tẹ́wọ́ kí ó tó gbà. Ọwọ́ tí a tẹ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n. Báwo ni ẹni tí kò mọ̀ láàárọ̀ ṣe wá di adájọ́ ìmọ̀ lọ́sàn-án? Ohun tí àmì náà ń sọ kò ju pé, "Èyí ṣiṣẹ́ fún mi lọ́jọ́ náà." Ohun tí òǹkàwé ń gbọ́ ni pé, "Èyí ni òtítọ́."

Àṣìṣe mìíràn wà nínú ìdáhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ojú kò tètè rí i. Ní ọdún 2010, ẹnìkan kọ kóòdù kan síbẹ̀ tí ń sọ ìwọ̀n fáìlì di ohun tó rọrùn láti kà. Àwọn olùwádìí ṣàwárí ní 2018 pé kóòdù náà wà lára èyí tí àwọn ènìyàn dà kọ jù lọ láti orí ojú òpó náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọ báìtì 999,999 ní "1000.0 kB" dípò "1.0 MB". Ọdún mẹ́sàn-án kọjá kí ẹni tó kọ ọ́ tó sọ àṣìṣe náà ní gbangba, tó sì tún un ṣe. Ó ṣeun. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún àìmọye àdàkọ rẹ̀ ṣe?

Àṣìṣe mìíràn sì jẹ́ òtítọ́ tó ti gbó. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Ọ̀pọ̀ ìdáhùn àtijọ́ ló ń kọ́ni láti lo mysql_query nínú èdè PHP, ṣùgbọ́n PHP 7, tó jáde ní ìparí ọdún 2015, ti yọ ọ́ kúrò. Àmì aláwọ̀ ewé kò mọ̀ pé ọdún ti yí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan ni èyí. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí kan ní Jámánì yẹ ètò Android mílíọ̀nù 1.3 wò. Nínú ìdá 15.4 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni wọ́n ti rí kóòdù tó jẹ mọ́ ààbò, tí a dà kọ láti Stack Overflow. Ìdá 97.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn wọ̀nyí ló ní ó kéré tán kóòdù kan tí kò láàbò. Fóònù tí a fi ń sanwó ọjà nìyẹn o. Ní 2024, Stack Overflow bá Google àti OpenAI ṣe àdéhùn kí àwọn ẹ̀rọ wọn lè máa lo ohun tó wà níbẹ̀. Ìdáhùn tí ò tọ́ ti rí ẹnu tuntun.

Àwa gan-an mọ bí irú rẹ̀ ṣe ń dunni tó. Nígbà tí a ń túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìbéèrè dìde: orúkọ wo ni kí a pe Sàtánì ní Yorùbá? Èṣù ni Àjàyí Crowther àti àwọn olùtúmọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú. Ìdáhùn náà tẹ́ àwọn tó nílò rẹ̀ lọ́rùn. Kò tẹ́ àwọn tó mọ Èṣù ní òjíṣẹ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ wọn ni àmì wà. Títí dòní, ìwé ń dà á kọ láti inú ìwé.

Kí ni ṣíṣe? Ojú òpó náà ti gbé ìgbésẹ̀ kan: ní 2021, ó dáwọ́ dúró láti máa gbé ìdáhùn tí a tẹ́wọ́ gbà sókè lórí èyí tí ìbò gbé ga. Ó dára, ṣùgbọ́n àmì ṣì wà níbẹ̀. Àwọn alábòójútó ibẹ̀ kì í sì í dá sí ẹjọ́ pé èyí tọ́, ìyẹn kò tọ́. Ọwọ́ àwọn tó mọ̀ ni iṣẹ́ wà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Kí ẹni tó mọ̀ kọ ìdáhùn tó tọ́ sí abẹ́ ìbéèrè kan náà, kí ó sì fi ẹ̀rí tì í: àpẹẹrẹ tí òǹkàwé lè dán wò fúnra rẹ̀, tí yóò fi rí ibi tí ti àkọ́kọ́ ti kùnà. Kí ó kọ ìkìlọ̀ ṣókí sí abẹ́ èyí tí kò tọ́, láìsí èébú. Kí ó dìbò lòdì sí i. Máàkì kan ni yóò ná an, kí ó san án. Kí ó rọ ẹni tó béèrè láti gbé àmì rẹ̀ kúrò, nítorí ó lè ṣe é nígbàkígbà. Kí ó tún pe olùdáhùn: ojú òpó náà kò jẹ́ kí ó pa ìdáhùn tí a ti tẹ́wọ́ gbà rẹ́, ṣùgbọ́n ó lè tún un kọ. Ohun tí kò yẹ ni kí a wọ inú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lọ, kí a fi orúkọ rẹ̀ sọ òdìkejì ohun tó sọ. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo gba òwe náà gbọ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹnìkan ló ń rán an níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a rán an.

Àṣẹ.